Ilé Tí Kò Dáhùn

Ẹni tó bá pàdé Baba Kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, kó yáa yà fún un lọ́nà. Inú ń bí i burúkú. Ó ti ṣe díẹ̀ tínú ti ń bí i, àmọ́ ti ọjọ́ yẹn légbá kan. Ìyá tó bí i ló ń bí i nínú, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé irú ìbínú bẹ́ẹ̀ ò níbi téèyàn ń gbé e sí. Tí oníbàárà bá bí ọ nínú, wàá ní kó máa lọ. Ta ló tó sọ fún ìyá ẹ̀ pé kó máa lọ?

Ajẹ́ńtì ilé ni Baba Kọ́kọ́rọ́. Òun ló ń bá àwọn tó nílé wá ayálégbé, òun náà ló ń bá àwọn tí ò nílé wá yàrá. Kọ́kọ́rọ́ ilé onílé ló kún bẹ́líìtì ẹ̀. Tó bá ń bọ̀ lókèèrè, wọnran-wọnran tí wọ́n ń dún ni wàá kọ́kọ́ gbọ́ kó o tó rí òun fúnra ẹ̀. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé tẹ́nì kan bá fi orúkọ àbísọ pè é, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíì ni wọ́n ń pè.

Ọkùnrin náà mọṣẹ́ o, ká má parọ́ mọ́ ọn. Tó bá dé àdúgbò kan, gọ́tà ló máa kọ́kọ́ wò kó tó wolé. Tí omi gọ́tà bá ń lọ geerege, á jẹ́ pé àwọn ará ibẹ̀ ń bára wọn sọ̀rọ̀. Tó bá ti dí, tí kálukú wá to pákó síwájú ilé tiẹ̀ kó lè máa rí ibi gbà kọjá, ó mọ̀ pé wọ́n ti ń bára wọn yan odì tipẹ́. Á wo okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Aṣọ tó wà lójú títì tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́, kò sólè níbẹ̀ nìyẹn, tàbí kó jẹ́ pé aṣọ ọ̀hún gan-an ni ò ṣeé jí. Tó bá wá wọ inú yàrá, á fìka kan ògiri kó-kó-kó, á ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, á ki orí bọ̀ ọ́, á fa imú. Ó ní ọ̀dà tuntun lè tan ojú, àmọ́ kò tíì sí ọ̀dà tó tan imú.

Ẹnu ẹ̀ ńkọ́? Ẹnu ẹ̀ niṣẹ́ gan-an. Tó bá ní afẹ́fẹ́ ń wọ ibẹ̀ dáadáa, mọ̀ pé fèrèsé ibẹ̀ ò ṣeé tì. Tó bá ní kò jìnnà sí títì, gbà fún Ọlọ́run pé o ò ní sùn. Tó bá sọ fún ẹ pé onílé ibẹ̀ kì í yọ èèyàn lẹ́nu, lọ́jọ́ tí òjò bá ṣí òrùlé yẹn, wàá wá onílé ọ̀hún tì. Ìyàwó ẹ̀ ní irọ́ ló ń pa. Òun náà ní òun ò purọ́ rí, òun kàn ń fi ọ̀dà kun òótọ́ díẹ̀ ni.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá mọ ohun tójú ẹ̀ ń rí lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ẹ̀ẹ́ dárí jì í. Ọmọ aráyé ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́. Obìnrin kan wá, ó fẹ́ ilé tó sún mọ́ gbogbo nǹkan, àmọ́ tí nǹkan kan ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ọkùnrin kan búra pé òun nìkan ṣoṣo lòun fẹ́ máa gbé, kò níyàwó, kò lọ́mọ, kódà kò lọ́rẹ̀ẹ́. Ọjọ́ tó kó wọlé, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló bá a wọlé. Àwọn onílé náà ò sàn jùyẹn lọ. Ọ̀kan ò fẹ́ lọ́yà nítorí ẹjọ́, èkejì ò fẹ́ tíṣà nítorí àwíjàre. Èyí tó burú jù ni bàbá kan tí ò fẹ́ ọmọdé nínú ilé, ilé tó jẹ́ pé inú ẹ̀ gan-an ni wọ́n ti bí bàbá náà fúnra ẹ̀.

Gbogbo èyí ló ń fara dà. Wọ́n á bú u, á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á pè é ní gbájúẹ̀, á ní kí wọ́n máà bínú. Àfìgbà tọ́rọ̀ wá kan ìyá ẹ̀.

Bọ́rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Onílé tí màmá ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ láti ayébáyé, ìyá arúgbó bíi tiwọn, pe màmá jókòó, ó ní ọmọ òun tó wà lókè òkun ń kó ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀ bọ̀, ilé náà ò sì ní gba gbogbo wọn. Ó ní kí màmá bá òun wá ibòmíràn lọ kó tó di ìparí oṣù. Kì í ṣe pé wọ́n jà o. Ẹkún ni onílé ń sun bó ṣe ń sọ ọ́, màmá ló tún wá ń bá a nu omijé. Nígbà tí Baba Kọ́kọ́rọ́ gbọ́, ẹ̀rín ló rín. Ṣé ilé náà ló ń jẹ́ wàhálà? Òun tóun ń wá ilé fún gbogbo ìlú, ti ìyá òun ni ò ní rí ṣe? Ó ní kí wọ́n máa di ẹrù wọn.

Ó fi mọ́tò ẹ̀ tó ń wúkọ́ gbé wọn lọ wo ilé àkọ́kọ́. Ilé ọ̀hún dáa, kò ní àtẹ̀gùn kankan tí orúnkún wọn máa bá jà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n wọlé. Màmá ò wọlé. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n na ọrùn díẹ̀, wọ́n ní, “Àgò o.” Ó rò pé wọ́n réèyàn nínú ilé, lòun náà bá yọjú wò. Kò séèyàn. Màmá tún ní, “Àgò onílé o,” wọ́n sì dúró bí ẹni tó ń retí ìdáhùn. Ohun kan ṣoṣo tó dún nínú ilé ni ẹ̀rọ omi tó ń jò. Ìyá náà bá yíjú padà.

“Ilé yìí ò dáhùn,” ni wọ́n sọ, wọ́n sì lọ jókòó sínú mọ́tò.

Ó kà á sí eré àgbà. Ó mú wọn lọ wo òmíràn, ní àdúgbò àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, níbi tí gọ́tà ti mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ṣe. Àgò o, àgò onílé o, ilé yìí ò dáhùn. Ó mú wọn lọ wo èyí tó kọjú sí ọsibítù. Ilé yìí náà ò dáhùn. Èyí tó ní ọgbà òdòdó, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ táìlì sí, èyí tí onílé ẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbogbo ẹ̀ pátá ni ò dáhùn. Wọn ò kan ògiri, wọn ò wo ilé ìdáná, ẹsẹ̀ wọn ò kọjá ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá rí i á rò pé ṣe ni wọ́n wá ta nǹkan.

“Màámi, ilé tó ṣófo ni,” ló sọ fún wọn lọ́jọ́ kan, tó ń gbìyànjú kóhùn ẹ̀ má ròkè. “Kò séèyàn nínú ẹ̀. Ta ni ẹ fẹ́ kó dá yín lóhùn?”

“Ìwọ náà ti wá rí i báyìí,” ni wọ́n fi fèsì.

Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ó gbé e délé, ó rò ó fún ìyàwó ẹ̀. Ibi tó jókòó sí tó ti ń rojọ́ náà, ẹ jẹ́ n júwe ẹ̀ fún yín. Yàrá kan àti pálọ̀ ni Baba Kọ́kọ́rọ́ ń gbé, òun, ìyàwó àtọmọ méjì. Bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ máa ń fẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀ lójúmọmọ, ilẹ̀ á ṣú kó tó dùbúlẹ̀. Ilé ìdáná wà lọ́nà àárín ilé, tiwọn àti tàwọn ará ilé tó kù ni, ẹni tó bá ń dáná á máa fìdí gbá èèyàn tó ń kọjá. Tẹ́nì kan bá fẹ́ na ẹsẹ̀ nínú ilé yẹn, àfi kẹ́lòmíì ká tiẹ̀ kò. Abọ́ kan wà lábẹ́ ibi tí òrùlé ti ń jò, ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò, àwọn ọmọ á béèrè ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà dà bíi ti télọ̀ tí ṣòkòtò ẹ̀ ya nídìí.

Kì í ṣe pé kò rí ilé tó dáa jùyẹn lọ. Ojoojúmọ́ ló ń ṣílẹ̀kùn wọn fáwọn ẹlòmíì. Ìpinnu ló ṣe. Látìgbà tí wọ́n ti bí àkọ́bí ẹ̀ ló ti ń sọ ọ́ pé òun ò ní kó láti ilé onílé lọ sí ilé onílé, pé ọjọ́ tóun bá máa kó, ilé tóun fọwọ́ ara òun kọ́ lòun ń lọ. Àkọ́bí ọ̀hún ti ń fá irun imú báyìí. Ilẹ̀ tó fẹ́ fi kọ́lé, koríko ló ń hù níbẹ̀. Tí ìyàwó ẹ̀ bá dá ọ̀rọ̀ yàrá tó tóbi díẹ̀ sílẹ̀, á ní ṣó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní arìnrìn-àjò ni? Ìyàwó ti sọ ọ́ títí, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó wá rojọ́ ìyá ẹ̀ tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó ò gbójú sókè níbi tó ti ń ká aṣọ. Ó béèrè bóyá ó ti bi màmá léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Baba Kọ́kọ́rọ́ ní kí lòun fẹ́ máa bi wọ́n, ṣé òun ò mọṣẹ́ òun ni? Ìyàwó ní, “Hìn-ín,” ó ń ká aṣọ ẹ̀ lọ.

Oṣù ń lọ sópin. Ẹrù ọmọ onílé ti ń dé láti òkè òkun, wọ́n ń to páálì gàgàrà-gàgàrà sí pálọ̀ màmá, màmá wá di ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ rìn nínú ilé tí wọ́n ti ń gbé látìgbà tí ọkọ wọn wà láyé. Nígbà tí Baba Kọ́kọ́rọ́ débẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, ó rí àga bàbá ẹ̀ tí wọ́n ti dojú ẹ̀ bolẹ̀ lórí tábìlì, tí wọ́n fokùn dì í. Lara bá ń ta á. Ó gbé màmá lọ wo ilé kan tó fi ẹ̀bẹ̀ gbà lọ́wọ́ oníbàárà tó ti fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n tún ké àgò. Wọ́n tún yíjú padà. Ọkùnrin náà ò mọ̀gbà tó pariwo. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń retí kí wọ́n kó ẹrù wọn síta lójú gbogbo ayé ni, bóyá wọ́n fẹ́ sọ òun di ẹlẹ́yà, kí wọ́n máa sọ pé ajẹ́ńtì tó ń bá gbogbo èèyàn wá ilé, ìta ni ìyá ẹ̀ ń sùn.

Màmá jẹ́ kó parí ẹ̀. Wọ́n wá ní kó máà pariwo mọ́ àwọn, etí àwọn ò tíì di. Ó gbé wọn padà délé.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí i lọ́kàn. Kọ́kọ́rọ́ tuntun kan wà lára tàwọn tó gbà láàárọ̀ yẹn, ti ilé oníyàrá méjì pẹ̀lú pálọ̀, tó ní ilé ìdáná tiẹ̀, tí fèrèsé iwájú ẹ̀ kọjú sí ibi táwọn èèyàn máa ń dúró kí ara wọn. Ó lọ bá ìyàwó ẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé ìdáhùn ni ìyá yìí ń wá, kò sóhun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Òun á gba ẹ̀yìnkùlé wọ inú ilé, òun á dúró sí yàrá. Kí ìyàwó mú màmá wá tó bá di ọ̀sán. Tí wọ́n bá ti ké àgò, òun á dáhùn, wọ́n á wọlé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìyàwó wò ó bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún gbé e mì. Ó ní ó dáa, òun á mú wọn wá.

Ló bá débẹ̀, ó dúró. Kò lè jókòó lásán, ó kan ògiri yàrá iwájú, kò sí ibi tó dún òfìfo. Ó ki orí bọ kọ́bọ́ọ̀dù, kò gbóòórùn kankan. Ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Fèrèsé ibẹ̀ kéré, ara ògiri ilé kejì ló sì kọjú sí, àmọ́ ẹnu ẹ̀ ti bá a ṣètò ẹ̀ kíá: yàrá tó tutù, tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí oòrùn ò lè da èèyàn láàmú níbẹ̀. Ilé tó dáa ni. Pé ó dáa tó bẹ́ẹ̀ tiẹ̀ tún ń bí i nínú. Korobá ọ̀dà kan táwọn akunlé gbàgbé wà láàárín pálọ̀, ó fẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó padà sí yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn ní ààbọ̀.

Kò pẹ́, ó gbọ́ ohùn obìnrin méjì níta. Bàtà ìyá ẹ̀ ń bọ̀ wẹ́rẹ́-wẹ́rẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Àgò o.”

Ó wúkọ́ díẹ̀ kóhùn ẹ̀ lè rinlẹ̀. “Àgò yà o. Ẹ wọlé.”

Ẹ̀rín ló tẹ̀ lé e, ẹ̀rín tí kò tíì gbọ́ lẹ́nu màmá látìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yọ jáde, ó rí i pé wọ́n ti bọ́ bàtà wọn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti wà láàárín pálọ̀. Wọ́n fọwọ́ pa ògiri lára. Wọ́n wo àjà. Wọ́n yọjú sí yàrá iwájú, wọ́n ní ó dáa. Inú ọmọ dùn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í polówó: ẹ wo ilẹ̀kùn, irin ni, ẹ wo iná, méjì-méjì ni wọ́n fi sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ó ti gbàgbé pé ìyá òun ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ti wọ ilé ìdáná lọ ní tiẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ẹ̀rọ omi tó sì ń tì í.

Màmá yíjú sí i. “Yàrá èwo ni tìẹ?”

“Èyí tó wà níwájú yìí ni tiyín, Màámi. Oòrùn àárọ̀ máa ń...”

“Mi ò béèrè oòrùn,” ni wọ́n sọ. “Mo ké àgò, ìwọ lo dáhùn. Ẹni tó bá dáhùn àgò ló ń gbénú ilé. Yàrá èwo ni tìẹ?”

Ó ní àwàdà ni, pé òun kàn fẹ́ kí wọ́n wọlé wo ilé ni. Màmá ò bá a rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ń wò ó lójú bí wọ́n ṣe máa ń wò ó nígbà tó wà ní kékeré, tó bá ní òun ti wẹ̀ tí ò sì tíì wẹ̀.

“Ọkọ mi, látìgbà tí bàbá yín ti kú, mi ò wọ ilé rí kí n má ké àgò. Onílé mi á dáhùn láti yàrá ẹ̀, tó bá tiẹ̀ jẹ́ pé oorun ló ń sùn. Á ní, àgò yà, ṣé o ti dé? Ilé lò ń fi hàn mí látàárọ̀ dalẹ́. Ilé dáa, mi ò bá ọ jiyàn. Ọjọ́ tí mi ò bá wọlé, ta ló máa mọ̀?”

Ẹnu tó ti ta ilé tó ń jò, tó ti ta ilé tí ò ní fèrèsé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde níbẹ̀ ni èyí tó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́, pé òun ti pinnu, pé ilé tòun...

“Ilé tí o ò tíì kọ́ ò lè dá mi lóhùn,” ni màmá wí. Wọ́n fa korobá ọ̀dà yẹn mọ́ra, wọ́n dojú ẹ̀ dé, wọ́n jókòó lé e, wọ́n ká ọwọ́ sórí itan bí ẹni tó ti délé.

Fóònù ẹ̀ ń dún lápò, oníbàárà ni. Kò gbé e. Inú bí i sí màmá, inú bí i sí ìyàwó ẹ̀ tó mọ̀ tí ò sọ fún un, èyí tó ń bí i nínú jù ni pé kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ nínú wọn. Ó wọ ilé ìdáná lọ kí ìyàwó lè bá a dá sí ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó ti fi báàgì ẹ̀ kọ́ ìṣó kan lára ògiri. Ó na apá ẹ̀ méjèèjì síwájú fèrèsé, ó ń fi wọn ibi tí kọ́tìnì máa dé. Kò tiẹ̀ wẹ̀yìn.

“Ẹ lọ dá màmá lóhùn,” ló sọ. “Wọ́n ti jókòó.”

Ó padà sí pálọ̀. Ó dúró níwájú ìyá ẹ̀, ó fajú ro, àwọn kọ́kọ́rọ́ ilé onílé ń dún nídìí ẹ̀. Ó wo yàrá iwájú, ó wo yàrá ẹ̀yìn, ó mí kanlẹ̀.

“Èyí tó wà lẹ́yìn,” ló sọ. “Kò sí afẹ́fẹ́ kankan tó ń wọ ibẹ̀.”